Ẹnìkan, Gìtá Kan, Àtàwa Tá A Jókòó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ akéwì àti olórin sọ ní Adó-Èkìtì nìyí, mo tún un tẹ̀ síbí torí àwọn tí ò ráyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, ẹ má wá gírámà níbẹ̀. Díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí, mo júbà, mi ò ní lanu sọ̀rọ̀ níwájú yín láìgbàyè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Mo rí i pé àwọn kan ṣì dúró lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, àga ò kárí, ẹ má bínú, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí, kẹ́ ẹ tiẹ̀ jókòó sílẹ̀ pàápàá, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ra ni.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni pé kí ló dé tí èèyàn á fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, á gun ọ̀kadà, á sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé ẹnì kan fẹ́ dúró kéwì, tàbí torí ẹnì kan tó gbé gìtá lásán lọ́wọ́, kò sí bẹ́ńdì, kò sí oníjó, kò sí sípíkà tó ń lu èèyàn gbì gbì láyà. Ṣebí orin wà lórí fóònù ẹ. Ewì náà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, tá a bá yọ owó dátà kúrò. Kí ló wá ń wá kiri lóru?

Mi ò ní fi yín ṣeré bojúbojú, èrò tèmi nìyí: àwa tá a jókòó wà nínú eré náà. Ẹni tó gun sitéèjì yẹn ò tíì parí ewì ẹ̀ nígbà tó ń kúrò nílé, iwájú wa ló ti fẹ́ wá parí ẹ̀, ó sì lè bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú wa, ó lè gbàgbé, ohùn lè há, àwàdà tó rò pé ó máa pa wá lẹ́rìn-ín lè já sófo. Ohun tá a wá wò gan-an nìyẹn, ká wo bóyá á là á já, àti pé tó bá là á já, àwa la jọ là á já. Èyí tó wà lórí fóònù ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Bó o sunkún bó o rẹ́rìn-ín, kò ní yí ìlà kan padà.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, June 11, 1988, pápá Wembley. Wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí 70 ọdún fún Nelson Mandela, ẹ̀wọ̀n ló ṣì wà nígbà yẹn, èrò tó wà ní pápá lé ní 70,000, tẹlifíṣàn sì ń gbé e lọ káàkiri ayé. Ó kan Stevie Wonder láti kọrin. Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé díìsìkì tí wọ́n tọ́jú àwọn ohùn kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ sí ti dàwátì, kò sì lè ṣe é láìsí i, ni ó bá bínú jáde. Àyè ṣófo, gbogbo ayé ń wò, ta ni wọ́n máa tì síbẹ̀? Ọmọbìnrin kan wà tó ti kọ tiẹ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Tracy Chapman, ọmọ ọdún 24, àwo orin ẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn ni, ọ̀pọ̀ tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní kó padà lọ. Òun nìkan, gìtá ẹ̀, máìkì. Ó kọrin nípa àwọn òtòṣì tó fẹ́ sá kúrò nínú ìṣẹ́, ohùn jẹ́jẹ́, kò fò sókè kò fò sísàlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni àwo orin yẹn di nọ́ńbà wáànù ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà.

Mi ò fi èyí bú Stevie Wonder o, ta ni mí? Baba ni. Àmọ́ ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe rí: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dani, ẹni tí gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ igi kan àti okùn mẹ́fà ló ku. Àwọn tó ń wò ó sì rí i pé kò síbi tó lè sá pamọ́ sí. Tó bá ṣi orin kọ báyìí, gbogbo ayé á gbọ́. Ìyẹn ló mú wọn tẹ́tí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gbà tọkàntọkàn pé Amẹ́ríkà ni spoken word, ìyẹn ewì àfẹnuké, ti ṣẹ̀, ó máa ń dùn mí. Ilẹ̀ tá a tẹ̀ yìí, Ilẹ̀ Uyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, àlámọ̀ ń bẹ níbẹ̀ kí ìyá ìyá mi tó dáyé. Ẹni tó bá ti débi òkú àgbà tàbí ibi ìgbéyàwó táwọn ìyá ti ń sun àlámọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá kan á gbé ohùn sókè, á pe orúkọ ẹ, á pe oríkì baba tó bí baba ẹ, á wá fa ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wọ inú ẹ̀, á fọgbọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọmọ tó lọ sí Èkó tí ò wálé látọjọ́ yìí, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín ẹ̀tẹ́, á tọwọ́ bàpò. Ìyá yẹn ò kọ ọ́ sílẹ̀ látilé. Báwo ni ì bá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ojú àwọn tó jókòó ló ti ń ka ohun tó kàn?

Àpíìrì, orin ilẹ̀ Èkìtì wa, náà ńkọ́? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, ẹnu, ó tán. Wáyà kankan ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ń lé, àwọn tó kù ń gbè, bí elégbè bá sì ti ń tòògbé, ẹni tó ń lé orin ò lè lọ jìnnà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n kọ tó. Elémure Ògúnyẹmí, olórin Èkìtì, gbé ohùn ilé wa sínú àwo, Èkìtì pọ́ńbélé ló fi kọ ọ́, kò yí i sí Yorùbá àwọn ará Ìbàdàn, ẹni tí ò gbọ́ Èkìtì sì ń jó o.

Tàbí ká lọ sí Ìrè lọ́dọ̀ Ògún. Gbogbo wa la mọ ìlà tí wọ́n máa ń sun nínú oríkì ẹ̀ yẹn, pé Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Lórí ìwé, ìlà kan ni, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ wá lọ sun ún láàárín ará Ìrè kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa dá yín lóhùn! Ẹ̀rín ni, iyàn ni, ẹnì kan á ní ẹ tún un sọ. Ìdáhùn yẹn wà lára ewì náà, kò kàn sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Ìkẹ́rẹ́ tó wà nítòsí níbí ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre sí ní 1947, Christ's School wa níbí wà lára ibi tó ti kàwé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kéwì, àmọ́ ẹ ṣí ìwé tó fi gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1986, ẹ ó rí i tó kọ ọ́ sórí àwọn ewì kan níbẹ̀ pé fèrè ni kí wọ́n fi sí èyí, pé ìlù ni kí wọ́n fi sí tọ̀hún. Ní 1985 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì jáde nínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, kí ẹni tí ò ní ra ìwé ewì láéláé lè bá a pàdé níbi tó ti ń wá ìròyìn. Ọmọ àgbẹ̀ tó gbọ́ ìlù dàgbà ni, ó mọ̀ pé ìwé lásán ò tó.

Rédíò náà ṣe tiẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, Láńrewájú Adépọ̀jù tó papò dà ní 2023, àwọn ni wọ́n gbé ewì wọ yàrá àwọn bàbá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Àmọ́ ohun kan wà tí rédíò ṣe tá a kì í sọ: ó gba ẹnu lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Bàbá mi á jókòó ti rédíò, Adépọ̀jù á sọ òkò ọ̀rọ̀, bàbá á ní "Ó wí i re!", ṣùgbọ́n Adépọ̀jù ò gbọ́.

Gìtá wá ńkọ́, ṣé àlejò ni? Àlejò tó ti di onílé ni. Àwọn atukọ̀ ojú omi, pàápàá àwọn Kru láti Làìbéríà, ló gbé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á kiri etíkun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé Èkó, tó wọ ilé ẹlẹ́mu. Irewole Denge wà lára àwọn tó ta á níbẹ̀, gìtá àti ẹnu ẹ̀. Nígbà tí Túndé King máa bẹ̀rẹ̀ jùjú ní àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń ṣe é ò ju kéréje lọ, inú pálọ̀ èèyàn ni wọ́n ti máa ń ṣeré, èèyàn á jókòó tì wọ́n, á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó di 1949 kí Àyìndé Bákàrè tó fi gìtá oníná sí jùjú. Torí náà eléyìí táwọn ọ̀dọ́ ń pè ní acoustic, ìyẹn gìtá tí ò lo iná, tí wọ́n rò pé àrà tuntun ni, ibẹ̀ ni jùjú ti gbéra. Ẹ̀rọ ló dé lẹ́yìn, ó dùn, a jó o, kò burú, àmọ́ ó dé ibì kan tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn ní òde àríyá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi orúkọ olówó.

Àwọn tó dá wa padà síbi ọ̀rọ̀ ò kéré. Beautiful Nubia ti ń ṣe é tipẹ́. Aṣa wá gbé àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007, àwọn ọmọ tí ò lè sọ Yorùbá délẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Yorùbá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ohùn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i táwọn ọmọ wa ti ń ṣubú jù. Èdè wa ti ní orin nínú kí ẹnikẹ́ni tó gbé gìtá. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè tí orin tó o gbé fún un ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn lo sọ fún wa yẹn, nígbà mìíràn ó lè jẹ́ èébú. Àwọn ìjọ àkọ́kọ́ jìyà ẹ̀, wọ́n túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, wọ́n wá fi ohùn òyìnbó kọ ọ́, ìtumọ̀ dàrú. Ìdí nìyẹn táwọn bí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, baba tó bí baba Fẹlá, fi ń kọ orin tí ohùn ẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ní 1922 ọkùnrin yẹn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin tó lé ní 40 sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone, orin Yorùbá o, ní 1922! Nínú bẹ́ńdì ńlá, ìlù lè bo irú àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá ṣẹ́ ku ìwọ àti gìtá, ìhòòhò lo wà. Ẹni tó ń kọ orin lédè wa, kó gbé gìtá tì ná, kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lásán, kó sọ ọ́ sọ ọ́ sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyàwó ẹ̀ jà, ohùn tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ ni kó wá lọ fi gìtá wá. Ọ̀pọ̀ yín ń ṣe é lódìkejì, ẹ gba kọ́ọ̀dù mẹ́rin lórí YouTube, ẹ wá ń ti ọ̀rọ̀ mọ́ inú ẹ̀ tipátipá.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, torí mo mọ̀ pé ẹ ń retí ẹ̀. May 19, 1968, ọjọ́ ìbí Malcolm X, àwọn ọ̀dọ́ kan dúró nínú ọgbà ìtura kan ní Harlem, wọ́n fi ìlù sí ewì, àwọn ni wọ́n di The Last Poets. Ó kàn di pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n gba èdè lọ́wọ́ wọn padà rí ìlù. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni Marc Smith, ará Chicago, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ibì kankan. Ó sú u pé ibi tí wọ́n ti ń kéwì ti di ibi tí akéwì ti ń kùn sí akéwì ẹgbẹ́ ẹ̀ létí, ojú wọn nínú ìwé, àwọn tó jókòó ń wo aago. Ní 1986 ó gbé ìdíje ewì kan kalẹ̀ ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Green Mill, lálẹ́ Sunday, ó pè é ní slam. Òfin ẹ̀ bó ṣe wá rí nìyí: ìṣẹ́jú 3 ni tìẹ, tó o bá ti lé e kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á yọ máàkì ẹ, ìlù ò sí, aṣọ eré ò sí, o ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan lọ́wọ́, èèyàn 5 tí wọ́n kàn ṣà láàárín èrò ló máa fún ẹ ní máàkì láti 0 dé 10, wọ́n á sọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù nù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti ṣe ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ ní San Francisco.

Máàkì yẹn, irọ́ ni. Ta ló fẹ́ fi nọ́ńbà wọn ewì? Marc Smith náà mọ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ó gbé agbára fún ẹni tó jókòó. Èrò á hó lé adájọ́ tó bá ń ṣahun máàkì, wọ́n á hó lé akéwì tó bá ń fọ́nnu. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbà lọ́wọ́ ará Èkìtì rí nídìí àlámọ̀ ló lọ gbé padà fún ará Chicago.

Nílé níbí náà ó ti gbèrú. Títílọpẹ́ Ṣónúgà kéwì níbi ìbúra Ààrẹ ní Abuja, May 29, 2015, ọdún yẹn náà ni àjọ̀dún ewì àgbáyé ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Dike Chukwumerije ń kó èrò jọ sí gbọ̀ngàn ńlá, ewì nìkan ni wọ́n sanwó wá gbọ́. Ẹni tó bá ní ewì ò lérò mọ́, òun ni ò jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ ìka títa ńkọ́ o. Àwọn òyìnbó nídìí ewì, tí ìlà kan bá dùn mọ́ wọn, wọ́n máa ń ta ìka dípò kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí ariwo má baà bo ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa náà ti kó o. Mo wà níbì kan láàárín ìlú yìí tí wọ́n ti ń ta ìka fún ọmọ kan tó ń kéwì nípa ikú ìyá ẹ̀, ìyá àgbà kan tó tẹ̀lé ọmọ ọmọ ẹ̀ wá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiẹ̀ náà, ó ń ta á yí orí ká, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ò ní rírú ẹ̀!" Ẹ̀rín pa wá. Àmọ́ mo rò ó títí, mo gbà pé ìyá yẹn nìkan ló dáhùn ewì náà bó ṣe yẹ.

Ní Nashville, ìlú olórin kan ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Bluebird Café, 1982 ni wọ́n ṣí i, àga ibẹ̀ ò ju bí 90 lọ. Àwọn tó ń kọ orin fún gbajúmọ̀ máa ń jókòó yí ara wọn ká láàárín èrò, mẹ́ta mẹ́rin, gìtá lórí itan, ẹnì kan á kọ tiẹ̀, á sọ bí orin náà ṣe wá sí i lọ́kàn, ẹnì kejì á gbà á. Òfin ibẹ̀ ni pé kó o panu mọ́, tó o bá ń sọ̀rọ̀ wọ́n á ní ṣííì. Ó wù mí, mi ò ní parọ́, pàápàá bí wọ́n ṣe jókòó láàárín èrò yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò rò pé a lè gbé wá síbí bó ṣe wà. Èèyàn wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn kí wọ́n má hùn. "Hẹn-ẹn." "Ó parí." "Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́!" Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ní Adó tó bá ní kí wọ́n dákẹ́ bíi ti Nashville, ó ti pa idán náà nìyẹn. Ohun tó yẹ ká dá dúró ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́, àwọn tó wá ń ṣe ìpàdé bùsínẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn, àtàwọn tó gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ tó gbé fóònù dání ò lè pàtẹ́wọ́.

Nípa ibi tá a ti ń ṣe é, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí Nẹ́pà bá múná lọ, bẹ́ńdì parí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àmọ́ akéwì àti onígìtá ṣì lè máa bá iṣẹ́ lọ bí èrò ò bá pọ̀ jù, ẹ kàn sún àga mọ́ra ni. Ọ̀tá tiwa ni òjò lórí páànù. Látìgbà tójò bá ti bẹ̀rẹ̀ dé October, ẹ má ṣe é lábẹ́ páànù tí ò ní sílìǹ, kò sí ohùn tó lè borí ẹ̀. Gbọ̀ngàn oníṣìmẹ́ńtì tó ṣófo máa ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á máa gun orí ara wọn, àmọ́ èèyàn àti aṣọ máa ń mu ariwo yẹn, torí náà gbọ̀ngàn kékeré tó kún dáa ju ńlá tó ṣófo lọ. Ẹni tó bá sì lo máìkì, kó jẹ́ kó súnmọ́ ẹnu, kó má fọwọ́ bo orí ẹ̀ bíi tàwọn olórin ráàpù, òun ló ń jẹ́ kó máa hu fíìì yẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú wá kù. Àwọn akéwì wa ti ń ní ohùn kan náà, gbogbo wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á sáré, wọ́n á dúró lójijì, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bí ẹni fẹ́ sunkún, Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ náà á wá dà bíi ti ẹni tó dàgbà ní Brooklyn, bẹ́ẹ̀ Ìlawẹ̀ ló ti wá. Ohùn fídíò ni. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, èrò ibẹ̀ ló fa ohùn yẹn jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín. Èrò tìẹ ńkọ́? Ìyá tó ń hùn níwájú ẹ ńkọ́, ṣó o gbọ́ ọ?

Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ níbí.

Arábìnrin kan bi mí pé ṣé ó burú kéèyàn ka ewì látorí fóònù. Mo ní kò burú, àwọn ewì kan gùn, èèyàn sì máa ń gbàgbé. Àmọ́ ojú ni akéwì fi ń gba ìdáhùn, bójú ẹ bá wà nínú fóònù, o ò ní mọ̀ pé wọ́n ti sùn. Kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin sórí ó kéré tán, kó o lè wò wá nígbà tó o bá ń wọlé àti nígbà tó o bá ń jáde.

Bàbá kan dìde, wọ́n ní àwọn gbádùn ọ̀rọ̀ mi o, àmọ́ ṣé iṣẹ́ nìyí, kí ni wọ́n ń jẹ? Mo ní bàbá, ẹ ṣé, sà. Ìwọ̀nba ló ń jẹun nídìí ẹ̀. Olórin àpíìrì, wọ́n ń náwó fún un lójú agbo. Akéwì, ẹ ò lè ná an lówó, torí tẹ́ ẹ bá dìde lẹ owó mọ́ ọn lórí, ìlà tó wà lẹ́nu ẹ̀ ti bọ́. Àwọn kan ń gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè wọ́n síbi ìgbéyàwó àti ìkómọ, ọ̀pọ̀ ń ṣe tíṣà mọ́ ọn. Bàbá ní ó dáa, àwọn á máa fi ọmọ àwọn sílẹ̀ kó máa ṣe é lọ́jọ́ Saturday.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ọ̀yẹ́ ní ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni ká fi ṣe é àbí Yorùbá. Mo ní ta ló jókòó síwájú ẹ? Tó bá jẹ́ nínú yunifásítì, tí wọ́n wá láti Calabar àti Káńò, wọ́n á dáhùn Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ ọjà Ọba níbí, Gẹ̀ẹ́sì yẹn á já bọ́ sílẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbé e. Ó tún bi mí nípa ohùn Èkìtì, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń fi òun rẹ́rìn-ín tóun bá ní "ulé" dípò "ilé". Mo ní kó lọ gbọ́ Elémure, kó wá padà wá bi mí.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìkọ̀lé kan, ó ní kò sí gbọ̀ngàn lọ́dọ̀ àwọn, kò sí máìkì, ibo làwọn á ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní ẹ wá iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó máa ń tètè tì í, ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun alẹ́ tán, ẹ yá àga díẹ̀, ẹ gbé e yípo, kí akéwì jókòó láàárín yín, kó má gun orí nǹkan kan. Ẹ ṣe é ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí ẹni tó ń ta CD tàbí tó ń bẹ́tì bọ́ọ̀lù ní òdìkejì títì, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín rẹ sípíkà sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ sì pe òun náà sí i. Tó bá kọ̀, ẹ kó o lọ sẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́yìn aago mẹ́rin kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀, ẹ ṣáà gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà.